Bíìlì Ìjọba Tí N Kò Rà fún Màmá Nọ́ọ̀sì

Adájọ́ ti sọ pé kí wọ́n yẹgi fún mi títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. N kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò mú un ṣẹ, n kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò mú un ṣẹ rárá, nítorí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan ṣì wà nípa ọ̀rọ̀ mi níwájú àwọn tó lágbára láti fi ẹ̀mí ẹni jì í. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ní Àkúrẹ́ níbí, ní yàrá àwọn tí a ti dájọ́ ikú fún. Fèrèsé wa kéré, ṣùgbọ́n mo máa ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ ilé-ìwé bí wọ́n ṣe ń pariwo lọ sílé lọ́sàn-án. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì káàánú mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Bí ẹ bá gbọ́ ọ tán tí àánú mi ṣì ń ṣe yín, ẹ ṣeun.

N kò ní dárúkọ ara mi. Ìyá mi ṣì wà láyé ní Oǹdó, ó sì ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi bí àwọn kan tilẹ̀ ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo ti ṣe sí orúkọ ilé wa tó.

Ọmọ Oǹdó ni mí. Bíríkìlà ni bàbá mi, ìyá mi sì ń ta aṣọ. Ìyà kò jẹ mí, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jẹun, mo wọṣọ, mo kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí mo ka ìwé nípa ìṣirò owó jáde ní pólì, mo ríṣẹ́ sí Àkúrẹ́, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ọ̀gá Múyìwá, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Ọjà Ọba. Àwọn télọ̀ ló wà nísàlẹ̀ wa. Láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ la máa ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ìjọba àpapọ̀ a máa yá owó lọ́wọ́ ará ìlú. Bí o bá yá a lówó, yóò fún ọ ní bíìlì, èyí tí í ṣe àdéhùn pé bí oṣù tí ẹ fẹnu kò sí bá pé, yóò dá owó rẹ padà pẹ̀lú èlé. Ọkàn ẹni a máa balẹ̀ sí i, nítorí ìjọba kì í di ẹrù rẹ̀ sá lóru. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kò lè dá a rà. Ọ́fíìsì wa ló ń gba owó àgbẹ̀, owó oníṣòwò, owó òṣìṣẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì. A ó pa á pọ̀, a ó fi ra bíìlì ní orúkọ ọ́fíìsì, a ó sì tẹ ìwé pélébé kan fún oníkálukú pé ìpín tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ìjọba mọ ọ́fíìsì wa, kò mọ àgbẹ̀ tó wà lábúlé Ipogun. Àgbẹ̀ Ipogun náà kò mọ ìjọba, èmi ló mọ̀. Àárín wọn ni mo dúró sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ṣubú sí.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé, Ọ̀gá Múyìwá fi ohùn Àkúrẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé, "Uṣẹ́ yìí, ìgbàgbọ́ ni wọ́n wá ń fi síbẹ̀. Owó ń tẹ̀ lé e ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ohun tí mo kọ́kọ́ mú kò tó nǹkan. Bàbá kan wà ní Ipogun, Bàbá Àjàyí, àgbẹ̀ kòkó. Bíìlì rẹ̀ ti pé, èlé rẹ̀ ti wọlé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò lè wá. Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ń bọ̀ ní Oǹdó. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ti rán aṣọ, èmi nìkan ni n kò tíì rí owó tèmi. Mo bu díẹ̀ nínú èlé Bàbá. Mo sọ fún ara mi pé bí owó oṣù bá dé, n ó dá a padà. Owó oṣù dé, n kò dá a padà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bàbá dé, tó ń tiro.

Mo ní, "Bàbá, ìjọba dín èlé kù lọ́tẹ̀ yìí o."

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìjọba náà kọ́? Ìgbà wo ni wọ́n fi kún nǹkan fún wa rí? Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Lọ gbé iṣu tó wà lórí ọ̀kadà nísàlẹ̀, tìẹ ni."

Mo gbé iṣu náà lọ sílé, mo sè é, mo jẹ ẹ́. Ká ní ó há mi lọ́fun ni, bóyá ìtàn mi ì bá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n iṣu náà dára, ó funfun, ó sì dùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé irọ́ rọrùn. Mo bu ti ẹnì kan, mo fi ti ẹlòmíì dí i. Lẹ́yìn náà n kò tilẹ̀ ra bíìlì fún àwọn oníbàárà kan mọ́. Owó wọn á wọlé, n ó tẹ ìwé fún wọn, ìwé tó mọ́ tónítóní. Bí èlé wọn bá tó, owó ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni n ó fi san án. Ọ̀gá mi ń ṣàìsàn nígbà náà, ó ń lọ gba ìtọ́jú ní Ìbàdàn, gbogbo kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Ó máa ń sọ fún àwọn àlejò pé, "Ọmọ mi nìyí." Mo ra ilé sí Ìjàpọ̀. Mo ra ilẹ̀ sí Ilu-Abo, mo fi orúkọ ẹlòmíì rà á.

Nígbà náà ni Màmá Nọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì.

Gbogbo àdúgbò wa ní Oǹdó ló mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni. Òun ló gbẹ̀bí mi, òun ló gbẹ̀bí àwọn àbúrò mi, iwájú ìyá mi ló sì ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ìsinmi kan tí mo lọ kí àwọn òbí mi, ó wá sílé wa lẹ́yìn ìsìn.

Ó ní, "Wọ́n ti san owó ìfẹ̀yìntì mi. Màmá ẹ ní iṣẹ́ bíìlì ìjọba lò ń ṣe. Ṣé owó náà ò ní rá?"

Mo ní, "Màmá, ọwọ́ ìjọba ló máa wà."

Ó mi orí. "N ò bi ọ́ nípa ìjọba. N ò mọ ìjọba. Ìwọ ni mo mọ̀."

Ìyá mi ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun ti di ẹni tí àgbàlagbà ń gbára lé. Èmi náà rẹ́rìn-ín. N kò fi owó Màmá Nọ́ọ̀sì ra bíìlì kankan, n kò gbèrò àtirà á pàápàá. Mo fi ra mọ́tò. Nígbà Kérésìmesì mo wa mọ́tò náà lọ sí Oǹdó. Màmá Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà pé kí n máa fi jáde ire.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí ìjọba fi ṣe àtúntò. A gbọ́ ọ lórí rédíò, lẹ́yìn náà ìwé dé sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fi orúkọ ara rẹ̀ di bíìlì oníbàárà mú mọ́. Bíìlì oníkálukú, bó ti wù kó kéré mọ, yóò wà ní orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, wọn yóò sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ láti sọ iye tó ní. Ẹni tí kò bá rí àtẹ̀jíṣẹ́ kó mú ìwé àti fóònù rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàká, ní Àkúrẹ́, kí wọ́n bá a wò ó.

Ọ̀gá Múyìwá pè mí. Ara rẹ̀ ti ń yá díẹ̀. "Ìwé tí a tẹ̀ fún àwọn èèyàn wọ̀nyí, ṣé bíìlì wà lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan?"

"Ó wà, sà."

"Ó dáa. Ètò yìí wù mí. Yóò jẹ́ kí tálákà sùn."

Mo lè sọ òtítọ́ fún un níbẹ̀. Ọkùnrin náà ì bá sunkún, ì bá lé mi, bóyá ì bá fi mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ì bá wà láàyè.

Lọ́jọ́ ìṣẹ́gun kan, fóònù mi dún. Màmá Nọ́ọ̀sì ni.

"Ọmọ mi, àwọn ará ilé kejì ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ tiwọn. Èmi ò tíì rí tèmi."

"Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Kò ní pẹ́ dé."

"N ò ṣèyọnu rárá. Mo kàn fẹ́ fojú ara mi rí i ni. N ó wá sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́bọ̀. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, n ó gba ọ́fíìsì yín, kó o lè mú mi lọ sí Alágbàká."

"Màmá, ọ̀nà ò dáa, ẹ jẹ́ kí n wá bá yín."

"Ṣé ìgbà tí mo ń gun kẹ̀kẹ́ lọ gbẹ̀bí lóko ni ọ̀nà dáa?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa fóònù.

Mo mọ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà, Ṣẹ́gun lorúkọ rẹ̀. Mo wá a lọ. Mo ṣàpèjúwe Màmá fún un, mo sọ gáréèjì tí yóò sọ̀ sí. Mo ní báàgì ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo fẹ́, nítorí ìwé àti fóònù wà nínú rẹ̀. Ìrònú mi ni pé bí kò bá sí ìwé, tí kò sí fóònù, n ó fi rí àyè díẹ̀ ta ilẹ̀, kí n fi ra bíìlì fún un.

Ṣẹ́gun ní, "Bó bá jà ńkọ́?"

"Ìyá àgbà ni. Kò ní jà."

Ó ká ẹ̀wù rẹ̀ sókè láti wá ìṣáná, mo sì rí ọ̀bẹ lábẹ́ rẹ̀. Mo rí i kedere. Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì fún un ní owó àsansílẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ń wá ibi tí mo ti di apànìyàn, ibẹ̀ ni.

Lọ́jọ́bọ̀, lówùúrọ̀, Ṣẹ́gun fẹ́ já báàgì Màmá gbà níwájú gáréèjì. Kò fi sílẹ̀. Ọwọ́ tó ti fa ọmọ jáde láti inú ikú kì í tètè tú nǹkan sílẹ̀. Ṣẹ́gun gún un, ó gba báàgì náà, ó sì sá lọ.

Nọ́ńbà mi ló kà fún àwọn tó gbé e lọ sí ọsibítù, nítorí òun kò mọ ẹlòmíì ní Àkúrẹ́. Wọ́n pè mí, mo lọ. Ó dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọmọ mi, o ti dé. Wọ́n ti gba ìwé yẹn lọ o. Ṣé kò ní ba nǹkan jẹ́?"

Mo ní, "Kò ní ba nǹkan kan jẹ́, Màmá."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Kò di ìrọ̀lẹ́ tó fi kú.

Ọwọ́ tẹ Ṣẹ́gun ní Ọjà Ọba, níbi tó ti fẹ́ ta fóònù náà. Ó dárúkọ mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ní ilé-ẹjọ́, lọ́yà mi ń tẹnu mọ́ ọn pé n kò sí níbẹ̀, pé báàgì ni mo rán an. Adájọ́ gbọ́ ọ tán, ó sì wò mí. Ó ní, "Ìwọ kọ́ lo gbé ọ̀bẹ. Ìwọ lo rán ọ̀bẹ níṣẹ́." Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ ti gbọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀.

Mo rò pé ìtàn mi parí síbẹ̀. Mo dojú kọ ògiri lójoojúmọ́. Ìgbà tó yá, wọ́dà kan wá pè mí pé mo ní àlejò. Ọmọ Màmá Nọ́ọ̀sì ni, Àǹtí Bọ́sẹ̀dé, tíṣà ni ní Oǹdó. Ó dàgbà jù mí lọ, òun ló máa ń mú mi lọ́wọ́ kọjá títì nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Àǹtí, ẹ dárí jì mí."

"N ò wá fún ìyẹn lónìí," ó wí. "Ìyẹn jìn. N ó máa rìn ín díẹ̀díẹ̀. Dìde."

Mo dìde. "Kí lẹ wá ṣe, Àǹtí?"

"Àwọn tí ìwé wọn rí bíi ti màmá mi pọ̀ níta. Ojú ń ti àwọn kan, wọn ò lè jáde. Àwọn kan ò tiẹ̀ tíì mọ̀. Àwọn wo ni? Ibo lo kó owó náà sí?"

Lọ́yà mi ti kìlọ̀ fún mi. Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn mi wà nílé-ẹjọ́, ó ní bí mo bá la ẹnu nípa owó àwọn yòókù, mo ti fi ọwọ́ ara mi so okùn náà. Mo wo ojú Àǹtí Bọ́sẹ̀dé. Ó ní ojú ìyá rẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe ọ̀gá àwọn wọ́dà wá kó wá gbọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn, láti Ipogun dé Ilu-Abo, láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó. N kò gbàgbé ẹnì kan. Ẹni tó bá ja èèyàn lólè kì í gbàgbé orúkọ wọn. Mo sọ ti ilé, mo sọ ti ilẹ̀ tí mo fi orúkọ ẹlòmíì rà. Nígbà tí mo parí, ara mi fúyẹ́ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fìdí ìdájọ́ ikú náà múlẹ̀. Lọ́yà mi bínú, kò wá mọ́. N kò kábàámọ̀ pé mo sọ ọ́ títí di òní.

Wọ́n ta ilé, wọ́n ta ilẹ̀ àti mọ́tò. Ọ̀gá Múyìwá, tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ta ilé tirẹ̀ kún un. Ó ní ẹ̀bi òun ni pé òun kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dá owó àwọn èèyàn padà, bíìlì gidi sì ni wọ́n fi rà fún àwọn tó fẹ́, ní orúkọ wọn. Àǹtí Bọ́sẹ̀dé máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ètò náà lọ sí àwọn abúlé ní Sátidé, láti ran àwọn àgbà lọ́wọ́. Ó padà wá sọ fún mi. Kò pọn dandan fún un láti wá, ṣùgbọ́n ó wá.

Ó sọ ti ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Ilu-Abo. Àtẹ̀jíṣẹ́ ti wọlé sórí fóònù ìyá náà, kò sì mọ̀wé.

"Mo kà á fún un," Àǹtí wí. "Ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ó ní, 'Ta ló wà láàrin èmi àti ìjọba wàyí?' Mo ní, 'Ìyá, kò sẹ́ni kankan.' Ó ní, 'Kò tiẹ̀ sí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì?' Mo ní kò sí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ojú tì mí, mo bo ẹnu. Nígbà tí mo gbójú sókè, Àǹtí Bọ́sẹ̀dé náà ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

Ọjọ́ náà ló sọ fún mi pé òun ti kọ̀wé sí Gómìnà pé kí wọ́n má pa mí. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ó wí. "Gbogbo ayé màmá mi, mímú èèyàn wá sáyé ni iṣẹ́ rẹ̀. N ò ní gbà kí wọ́n torí rẹ̀ mú ẹnì kan kúrò. Ohun tó o bá fi ẹ̀mí náà ṣe, ọwọ́ rẹ ló kù sí."

Ohun tí mo ń fi í ṣe nìyí. Àwọn aláṣẹ ti gbà mí láyè láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń dúró de ìdájọ́ ní ìwé kíkà àti ìṣirò. Mo ń kọ́ wọn bí owó ṣe ń bí owó láìjalè. Ọ̀kan nínú wọn, tí wọ́n mú nítorí jìbìtì orí fóònù, gba òmìnira láìpẹ́. Ó ti ń kọ́ iṣẹ́ rírán aṣọ báyìí, ó sì ránṣẹ́ sí mi pé òun ti ra bíìlì kékeré tí òun kọ́kọ́ ní, pé orúkọ òun ló wà níbẹ̀. Mo yọ̀ bí ẹni pé èmi ló bí i.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí owó ẹlòmíì ń gba ọwọ́ yín kọjá, ní báńkì, ní ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yin ni mo torí yín kọ ọ́. Ìjọba lè tún ètò ṣe, ó sì dára pé ó tún un ṣe. Ilẹ̀kùn tí mo gbà wọlé ti tì. Ṣùgbọ́n olè á máa wá ilẹ̀kùn mìíràn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ti ọkàn. Bí o kò bá tíì mú nǹkan kan, má mú un. Bí o bá ti mú un, má fi ti ẹnì kejì dí i. Lọ bá ọ̀gá rẹ. Yóò bínú. Ó lè lé ọ, jẹ́ kó lé ọ. Wọ́n lè fi ọ́ sẹ́wọ̀n, ẹ̀wọ̀n a máa tán.

Àwọn àgbà wa ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni mo gbà gbọ́ nígbà tí mo ń wá Ṣẹ́gun lọ. Èmi tí mo ti sún mọ́ ikú, tí ẹ̀sín sì ti jẹ tán, ni mo ń sọ fún yín pé ẹ̀sín yá. Ẹni tí ojú bá tì lónìí ṣì lè jí lọ́la kó tún un ṣe. Dìde, lọ sọ ọ́ nísinsìnyí tí gbogbo wọn ṣì wà láàyè láti bínú sí ọ.